Òwò ọjà ọjọ́ iwájú: Kí ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì iye náà. Láàárín àkókò yìí, àwọn kan tí kò ní oko kòkó, tí wọn kò sì fọwọ́ kan èso rẹ̀ rí, jèrè lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn sì pàdánù owó wọn. Òwò tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni àwọn olóyìnbó ń pè ní futures, èyí tí a lè pè ní òwò ọjà ọjọ́ iwájú.

Ìpolówó rẹ̀ ti gba orí ayélujára kan báyìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi owó rẹ̀ sí i, ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà gan-an.

Kí ni òwò ọjà ọjọ́ iwájú?

Àdéhùn ni. Ẹni méjì fẹnu kò lónìí lórí iye tí wọn yóò fi ra ọjà kan, tàbí tà á, ní ọjọ́ kan tí wọ́n dá. Bí ọjà náà bá gbówó lórí kí ọjọ́ tó pé, ẹni tó rà ló jèrè. Bó bá wálẹ̀, ẹni tó tà ló jèrè. Èrè ẹnìkan ni àdánù ẹnìkejì.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àjọ COCOBOD tó ń bójú tó kòkó ní Ghana a máa ta apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ká a, kí iye owó rẹ̀ má baà já wálẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí Ghana kò fi jẹ èrè kíkún nígbà tí kòkó gbówó lórí ní 2024: wọ́n ti ta púpọ̀ sílẹ̀ ní iye tó kéré. Ààbò ni àdéhùn yìí jẹ́ fún ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́. Ewu ni fún ẹni tí kò ní.

Ibo ni ewu rẹ̀ wà?

Inú owó ìdógò ni. Àdéhùn kòkó kan ní New York jẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Ká ní tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 6,000 dọ́là, ọjà 60,000 dọ́là ni ẹ rà yẹn. Ṣùgbọ́n alágbàtà kò ní gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò gbà ṣe ìdógò. Ká ní ó gba 6,000 dọ́là. Bí kòkó bá fi 600 dọ́là wálẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan, owó ìdógò yín ti tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ni ọjà fi wálẹ̀. Bó bá tún wálẹ̀ sí i, ẹ ti di ajigbèsè.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀. Bí owó yín bá dín ju iye tí wọ́n là kalẹ̀, alágbàtà yóò ní kí ẹ fi kún un. Bí ẹ kò bá rí i san, yóò pa àdéhùn náà dé, kódà bí ọjà yóò bá gbéra lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, iye àdéhùn epo rọ̀bì Amẹ́ríkà já dé 37.63 dọ́là lábẹ́ òdo lórí àgbá kan. Àwọn tó ra epo tí wọn kò ní ibi tí wọn yóò kó o sí ń sanwó fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Báwo ni èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ọjà kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ́ ohun tó ń gbé e sókè àti ohun tó ń fà á wálẹ̀. Ní ti kòkó, òjò, ọ̀dá àti àrùn igi kòkó wà lára wọn.

Ọ̀pọ̀ alágbàtà ló ní ibi tí èèyàn ti lè fi owó tí kì í ṣe owó gidi dánra wò. Ẹ lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àdéhùn kékeré. Àgbá 1,000 ni àdéhùn epo rọ̀bì Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tó kéré wà tó jẹ́ àgbá 100.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ kọ iye tí ẹ lè pàdánù sílẹ̀, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí àdéhùn náà yóò parí. Owó ilé ìwé ọmọ, owó ilé àti owó tí a yá kò sí lára owó òwò yìí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ta ni ẹ lè fọkàn tán?

Ní Nàìjíríà, àjọ SEC ló ń forúkọ àwọn alágbàtà sílẹ̀, ilé ìṣòwò NGX sì ti bẹ̀rẹ̀ irú àdéhùn yìí láti oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹ yẹ orúkọ wò lọ́dọ̀ SEC kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó fi owó sínú MMM ní 2016 àti CBEX ní 2025 mọ ohun tí ìlérí èrè ọ̀fẹ́ ń bí. CBEX ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú òwò tó jẹ́ pé èrè ẹnìkan ni àdánù ẹnìkejì, kò sí ẹni tó lè mọ èrè ọ̀la dájú. Ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín, owó yín gan-an ni ọjà tó ń wá.