Ìdí Tí Oní-Òkìríkà Kò Fi Ní Kí Ìjọba Gba Owó Olówó Pín

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ìbéèrè kan wà tí a máa ń jà sí ní kíláàsì títí aago á fi lù. Bí àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà bá ń fẹ̀ sí i, ṣé kò yẹ kí àwọn tí kò ní, tí wọ́n sì pọ̀ jù, máa pariwo pé kí ìjọba gbà lára owó olówó kó fi tún ayé mẹ̀kúnnù ṣe?

Ní 1981, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Meltzer àti Richard, kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. Ìṣirò wọn kò le. Ẹ mú ẹni tó wà láàárín gbùngbùn, tí ìdajì ìlú lówó jù ú lọ, tí ìdajì kejì kò sì tó o. Bí wọ́n bá da gbogbo owó ìlú pọ̀, tí wọ́n pín in dọ́gbadọ́gba, èyí tó máa kàn án á ju èyí tó ń rí lọ, torí àwọn olówó ńlá díẹ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù sọ́wọ́. Ẹni yìí ló ń pinnu ìbò. Owó orí àti pínpín ló máa dìbò fún, bí àlàfo bá sì ṣe ń fẹ̀ sí i ni á túbọ̀ fẹ́ ẹ.

Ó dáa. Ẹ wá gbé ìṣirò yìí lọ sí Tẹ́júoṣó, ní Yábàá. Obìnrin tó tẹ́ òkìríkà sílẹ̀, alábàárù tó ru ẹrù tó ju ara rẹ̀ lọ, àti ẹni tó wá ra léèsì ìgbéyàwó tí kò bèèrè iye, gbogbo wọn ló ń fara gbún ara wọn lójú ọ̀nà kan náà. Àlàfo yẹn kò fara pamọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ bi oní-òkìríkà bóyá kí ìjọba fi kún owó orí olówó kí wọ́n lè pín in, ohun tí á fi dá yín lóhùn ni pé: "Ta ló máa pín in? Ṣé àwọn kan náà yìí?"

Àwọn kan á ní àìmọ̀wé ló ń dà á láàmú. Èmi ò gbà. Ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń sọ.

Ẹ ṣáà wo ọjà náà fúnra rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2007 ni iná jó Tẹ́júoṣó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pè àwọn aládàáni pé kí wọ́n fowó sí i, kí wọ́n jọ tún un kọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2014, Gómìnà Fáṣọlá ṣí ilé alájà tó dùn-ún wò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó kọ́lé fẹ́ kí owó òun padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iná jó ọjà wọn ni kò sì lè san iye tí wọ́n bù lé ṣọ́ọ̀bù. Ni ọjà bá ṣàn jáde sí etí títì àti ẹ̀gbẹ́ ojú irin, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń lé wọn kiri. Mi ò ní ilé yẹn kò dáa o. Àmọ́ lójú ẹni tí ṣọ́ọ̀bù náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ti pín nǹkan lóòótọ́: ó gbà lọ́wọ́ aláìní, ó gbé e fún ẹni tó ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ epo. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́, lítà kan bẹntiróòlù sì fò láti 65 náírà sí nǹkan bí 141. Àwa onímọ̀ ń ṣàlàyé pé ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ń jẹ owó yẹn jù. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ mẹ̀kúnnù ló kún Ọjọ́ta fọ́fọ́ láti jà fún un, títí ìjọba fi sọ ọ́ di 97. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: epo olówó pọ́ọ́kú nìkan ni nǹkan ìjọba tó ń dé ọwọ́ wọn láìmọ ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú owó ọkọ̀ dánfó, ó wà nínú owó tòmátì.

Ní 2023, owó ìrànwọ́ náà lọ tán. Ìjọba ní òun á fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2024, wọ́n ti dá ètò náà dúró láti ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì ní kí mínísítà tó wà nídìí rẹ̀ lọ rọ́kún nílé ná. Ẹ wá fi èyí wé èésú tí àwọn obìnrin ọjà ń dá. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó kàn lóṣù yìí, àti iye tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni kò fẹ́ owó orí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n bu owó orí pàtàkì lé àwọn èèyàn, ó lé díẹ̀ ní ṣílè mẹ́wàá, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ! Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, Alákùkọ na Ọlọ́pẹ mọ́lé, ní Ìwọ̀ Oòrùn níbí. Wọn ò torí ẹ̀ dá ètò náà dúró. Oṣù Kìíní 1955 ni ilé ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn, iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 800,000. Kò sí pé ta lo mọ̀, kò sí pé ẹgbẹ́ wo lo wà. Ní 1956, Ọlọ́pẹ borí nínú ìbò agbègbè. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló fà á, ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọmọ àgbẹ̀ ti ń ka a, b, d fún bàbá rẹ̀ lálẹ́, bàbá tó ṣépè kó tó san ṣílè mẹ́wàá yẹn.