Ọ̀nà Tó Là: Ìgbádùn Ọkọ̀ Wíwà àti Òmìnira Arìnrìn-àjò ní Agbègbè Ìkirè, Àpòmù àti Ìkòyí

Ìfáárà

Nínú lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà gbọọrọ àti ọkọ̀ tó ń sáré lórí rẹ̀ ti di àmì òmìnira. Ìwé On the Road tí Jack Kerouac gbé jáde ní 1957 wà lára ohun tó sọ èrò náà di ìlúmọ̀ọ́ká: ẹni tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kó sínú ọkọ̀, kí ó fi ilé sílẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ó rọrùn láti rò pé èrò yìí ni gbogbo awakọ̀ ayé ń mú wọnú ọkọ̀, àti pé ṣe ni Yorùbá gbà á pọ̀ mọ́ mọ́tò nígbà tí mọ́tò dé. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé èdè Yorùbá ní èrò tirẹ̀ nípa adùn ọkọ̀ wíwà àti nípa ọ̀nà tó là. Nínú èrò náà, òmìnira arìnrìn-àjò kò parí síbi pé ó lè lọ. Ó di odindi nígbà tó bá lè lọ tí ó sì lè bọ̀.

Ibi tí a ó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, pàápàá àyíká Ìkirè, Àpòmù àti Ìkòyí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé. Àpòmù ni olú ìlú ti Ìsọ̀kan, inú Ìsọ̀kan yìí náà ni Ìkòyí wà. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. A yàn wọ́n nítorí pé ìtàn ọ̀nà tó lẹ́rù àti ìtàn ọ̀nà tó dùn ún rìn pàdé ní agbègbè wọn.

Láti ojú omi dé orí títì

Ẹni tó bá fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ́tò yóò rí i pé èdè wa ti mọ adùn ìwakọ̀ kí mọ́tò tó dé. Ọkọ̀, ní ìpìlẹ̀, ni ohun èlò tí a fi igi gbẹ́ tí a fi ń rin omi. Nígbà tí ohun ìrìnnà tuntun dé, Yorùbá kò wá orúkọ lọ jìnnà: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Títí tí ó fi wá di pé èyí tó ni orúkọ gan-an ló ń gba àfikún, tí a ń pè é ní ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà tẹ̀ lé e gòkè wá sórí ilẹ̀. Wà ni ohun tí ẹni tó mú àjẹ̀ lọ́wọ́ ń ṣe lórí odò. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a ti ń sọ pé ‘ó wa ọkọ̀’, ṣùgbọ́n ‘ó wà á’. Bí ọkọ̀ bá sì dé ibi tó ń lọ, a ó ní àwọn èrò inú rẹ̀ ti gúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kan èbúté.

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú omi kò ni odò. Ó ń wo bí omi ṣe ń ṣàn, ó ń yẹ àpáta, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó dẹwọ́. Adùn iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ àti omi gbọ́ra wọn yé. Ohun tí awakọ̀ orí títì jogún nìyẹn. Ẹṣin náà fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa: a ń gun alùpùpù bí a ti ń gun ẹṣin, àwọn kan sì ń pe ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ní ìjánu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíréèkì ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu awakọ̀.

Orúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Nínú gbogbo ìwà mọ́tò tí a lè fi sọ ọ́ lórúkọ, yíyọ́ kẹ́lẹ́ ni a mú, ìyẹn lílọ wẹ́rẹ́ láìpariwo. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ adùn eré. A ń sáré, a sì ń ṣeré. Yálà ọ̀rọ̀ kan ni eré méjèèjì tàbí ọ̀rọ̀ méjì tó pa ohùn pọ̀, etí wa ń gbọ́ ìṣeré nínú ìsáré. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ló pààlà sí i. Eré tó ń pani ni à ń pè ní eré àsápajúdé, eré tí ènìyàn pa ojú dé kí ó tó máa sá. Ẹ̀bi tí ọ̀rọ̀ náà kà sí i lọ́rùn ni ojú tí ó dì. Ẹni tó ń sáré tó sì lajú sílẹ̀ kò tí ì jẹ̀bi lójú èdè.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá kúrò ní Ìbàdàn lówùúrọ̀, tó kọjá odò Ọ̀ṣun àti adágún omi rẹ̀ ní Aṣéjìrẹ́, tí igbó sì ṣú dúdú lọ́tùn-ún lósì títí dé Ìkirè, yóò sọ pé òun ‘gba atẹ́gùn’. Yóò ní òun ‘nasẹ̀’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìjókòó ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ̀nyí, kò sì sí èyí tó sọ pé ènìyàn sá kúrò nílé nínú wọn.

Àpòmù: ọjà tí a kì í dájú àbọ̀ rẹ̀

Kí ló dé tí àbọ̀ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ nínú èrò wa? Ìtàn Àpòmù lè là wá lójú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá ná ọjà gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n sóko ẹrú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó fòpin sí i. Ohun tí Òwu ṣe sí àwọn ìlú agbègbè náà ló sì dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin òun àti Ifẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjà lórí atare ṣẹlẹ̀ nínú ọjà Àpòmù kan náà, ogun Òwu sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òwu tú. Nígbà tó di nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun tó jà á ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn.

Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé ẹrù ọjà sórí lówùúrọ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò sun ilé. Ẹ wo bí a ṣe ń dágbére: ‘Ó dàbọ̀’, ìyẹn ‘ó di àbọ̀’. Orúkọ ìpadàbọ̀ ni a fi ń sin ẹni tó ń lọ. Àdúrà tí àgbà ń ṣe fún arìnrìn-àjò, pé kí á má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, fi hàn pé ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ kí ó má sì là. A kò sọ pé Àpòmù ló bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá rántí Àpòmù yóò mọ ìwúwo wọn.

Lítíréṣọ̀ wa náà tọ ọ̀nà yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, ọba ló rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìrìn náà kún fún ewu àti ìdùnnú, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá mú ohun tí wọ́n lọ wá bọ̀ wálé, ìrìn náà kò nítumọ̀.

Kòkó, lọ́rì àti dòdò Ìkirè

Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ọ̀nà Ìwó àti Òṣogbo ló gbà. Ìkirè, Àpòmù àti Ìkòyí wà níhà gúúsù rẹ̀. Nítorí náà, lọ́rì ló kó kòkó agbègbè yìí dé ọjà, lọ́rì náà ló sì sọ ọmọ àgbẹ̀ di awakọ̀. Lára lọ́rì wọ̀nyí ni bọ́lẹ̀kájà tí a fi pákó kan ara rẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan, ‘bọ́ sílẹ̀ kí á jà’, tó láti fi mọ̀ pé ìrìn-àjò wa kì í ṣe ti adánìkanrìn. Èrò ń kún inú rẹ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbàdúrà. Iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ di ojú ìwé tí awakọ̀ kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí, ‘Sùúrù lérè’ tàbí ‘Ayé ń lọ’, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.

Dúródúró ojú ọ̀nà náà jẹ́ ara adùn. Ògèdè àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni àwọn obìnrin Ìkirè ń gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Dòdò Ìkirè nìyẹn. Awakọ̀ tó bá rà á níbẹ̀ kì í sábà jẹ gbogbo rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Ti àwọn ará ilé wà nínú rẹ̀. Àbọ̀ ti wà nínú ohun tó rà.

Ta ní ń ṣọ́ ọ̀nà?

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀, Ògún ló fi irin la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà yòókù nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé ayé, èyí sì wà lára ìdí tí awakọ̀ fi ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ògún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a là lẹ́ẹ̀kan lè padà dí. Ó nílò ẹ̀ṣọ́.

Orúkọ Ìkòyí wúlò fún wa níhìn-ín. Ìkòyí-Ilé, ìlú Oníkòyí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni a mọ̀ mọ́ oríkì Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Johnson kọ ọ́ pé 70 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn akọni tí ẹ̀yìn wọn kò gbọdọ̀ gba ọfà. Ìkòyí ti agbègbè Àpòmù ń jẹ́ orúkọ kan náà. Lónìí, nígbà tí oníròyìn Yorùbá bá fẹ́ dárúkọ àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni yóò pè é. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti rí iṣẹ́ tuntun.

Ìtàn àjọ náà kò sì jìnnà sí ọ̀nà yìí. Láti 1967 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀, tí àwọn mìíràn kò sì délé. Wọlé Ṣóyínká, tó ti kọ eré The Road ní 1965, wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí agbègbè Ìkirè ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí pé ẹni tó fẹ́ràn ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ ni ó pe fún òfin lórí rẹ̀.

Amẹ́ríkà pàápàá jẹ́rìí sí èyí. Láti 1936 ni Victor Green, aláwọ̀ dúdú kan ní New York, ti ń tẹ ìwé atọ́nà jáde kí aláwọ̀ dúdú tó ń wakọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n ti lè sùn tàbí kí wọ́n jẹun láìsí ìyọlẹ́nu. Ọ̀nà tí Kerouac rí gẹ́gẹ́ bí òmìnira gbangba ni awakọ̀ mìíràn ń fi ìwé wá ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé èrò Yorùbá nípa ọ̀nà ró: là, wà àti ṣọ́. Àwọn kan la ọ̀nà, awakọ̀ fi ọgbọ́n wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, àwọn mìíràn ṣọ́ ọ kí àbọ̀ lè dájú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìgbádùn náà yóò di ìbẹ̀rù. Ẹ̀rù ajínigbé tó tún ti padà sójú ọ̀nà wa lónìí, tí ọ̀pọ̀ kò fi fẹ́ rin òru mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbò nìkan. Ó ń gba ìgbafẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì ń dá wa padà sí ayé ọjà Àpòmù.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì àti ìkẹta. Àwọn awakọ̀ tó wa bọ́lẹ̀kájà ti ń darúgbó, àkọlé ara pákó sì ti ń lọ pẹ̀lú pákó. Gáréèjì Ìkirè àti ti Àpòmù jẹ́ ibi tí ẹni tó bá ní sùúrù àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣáá: ọjọ́ wo ni ọ̀nà dùn mọ́ ọn yín jù? Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú wọn yóò sọ ìtàn ọjọ́ kan tí wọ́n délé láyọ̀.