Ẹ́ńjìnnì Lambretta tó ní Písítìnì Suzuki

Irin dídà àti alumíníọ̀mù. Ilé iṣẹ́ Innocenti, Milan, Ítálì, àwọn ọdún 1960. Písítìnì láti Japan.

Ẹ́ńjìnnì sìkúútà Lambretta Li 150 nìyí, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. A gé ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà rẹ̀ kí ẹ lè rí inú. Innocenti ṣíwọ́ ṣíṣe Lambretta ní 1971, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gùn ún kò ṣíwọ́. Ní Bìrìtéènì, àwọn mẹkáníìkì a gbẹ́ inú sìlíńdà tó ti jẹ kó lè fẹ̀ sí i, wọ́n a sì fi písítìnì alùpùpù Suzuki sí i. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fáàfù. Písítìnì fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń lọ sókè sódò ló ń ṣí ihò tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó sì tún ń ṣí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Bí ìsàlẹ̀ písítìnì Suzuki bá gùn ju ti písítìnì Lambretta àkọ́kọ́ lọ, ihò epo á pẹ́ kó tó ṣí, á sì tètè padé. Bí orí rẹ̀ bá ga jù, á máa kan ọmọrí sìlíńdà.

Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ písítìnì náà, lápá ibi tí kàbúrétọ̀ wà. Ojú fáìlì ni ẹ ń rí yẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, títí ihò epo fi ń ṣí lásìkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán etí rẹ̀, kó má baà ha ara sìlíńdà.