Àkọlé Ìròyìn Òyìnbó: Ẹ Má Jẹ́ Kó Kó Yín Láyà Jẹ

Ẹ̀yin èèyàn wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣirò owó ni mí, àwọn oníbàárà sì máa ń pè mí tí àkọlé ìwé ìròyìn bá ti dẹ́rù bà wọ́n. Ààyè àkọlé kéré, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n ń wá: "axe" níbẹ̀ kì í ṣe àáké o, kí wọ́n fagi lé nǹkan ni. "Tax to rise" kò tíì ṣẹlẹ̀. "To" yẹn, ohun tó ń bọ̀ ló ń sọ. Ní oṣù kẹwàá 2010, ìjọba kéde pé àwọn olówó oṣù ńlá máa pàdánù owó ọmọ; oṣù kìíní 2013 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àmì àyọlò, ẹlòmíì ló sọ ọ́, ìwé ìròyìn ò fọwọ́ sí i. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.