Àwọn Pùròtéènì Tó Ń Darí Híhù Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ọkàn

Ọkàn kì í sinmi, ìdí nìyí tí ẹran ara rẹ̀ fi ń lo ọ́síjìn tọ̀sán-tòru. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan bá dí, tí ọ́síjìn sì wọ́n níbẹ̀, àwọn pùròtéènì, ìyẹn àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń pèsè láti fi ṣiṣẹ́, ló ń pinnu bóyá iṣan tuntun yóò hù àti ibi tí yóò gbà.

Èyí tí ó kọ́kọ́ ń fura ni HIF-1. Sẹ́ẹ̀lì kì í dẹ́kun ṣíṣe apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn bá pọ̀ tó, àwọn ẹ́ńsáìmù kan á fi ọ́síjìn náà gan-an sàmì sí i lára, pùròtéènì VHL á dá àmì náà mọ̀, a ó sì wó o palẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó jọ ìfiṣòfò, àmọ́ òun gan-an ló ń jẹ́ kí ara tètè dáhùn: bí ọ́síjìn bá ti dín kù, àmì kò sí mọ́, HIF-1 á pọ̀ sí i, á sì wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ pàṣẹ pé kí a ṣe VEGF, pùròtéènì tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hù. Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ iye ọ́síjìn yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Semenza, Ratcliffe àti Kaelin ní 2019.

VEGF á lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan. Èyí tó bá gbà á jù á yọ ọwọ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, á máa rá lọ síbi tí VEGF ti wá, á sì fi pùròtéènì DLL4 kìlọ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ó tẹ̀lé òun, kí ó má ṣaájú. Láìsí ìkìlọ̀ yìí, iṣan á kàn ya yàlàyàlà láìgbé ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni angiopoietin-1 á mú ògiri rẹ̀ le kí ó má baà jò. Àwọn tó ń dá iṣẹ́ dúró náà wà, irú bí endostatin, tí í ṣe ègé tó já lára kọ́lájìnì.

Nínú ìwádìí VIVA, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003, àwọn dókítà fún àwọn kan lára aláìsàn ọkàn 178 ní VEGF nìkan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 60, agbára wọn láti rìn lórí ẹ̀rọ kò ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, nítorí VEGF kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì lè dá iṣẹ́ DLL4 àti angiopoietin-1 ṣe.