Bí A Ti Ń Mú Ojú Òkúta Pẹlẹbẹ Dán

Bí ènìyàn bá rí òkúta tí ojú rẹ̀ ń dán bí omi adágún ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ó rọrùn fún un láti rò pé a fi nǹkan kùn ún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A kò fi ohunkóhun kún òkúta náà. A mú nǹkan kúrò lára rẹ̀ ni. Gbogbo òkúta tí a fi ayùn là ni ó ní ìlà wẹ́wẹ́ lójú, àwọn ìlà wọ̀nyí ni kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e padà ní títọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òkúta dán, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní: kí ó fi ìlà kékeré pa ìlà ńlá rẹ́, kí ó sì tún fi èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ pa èyí náà rẹ́, títí ojú kì yóò fi lè rí ìlà kankan mọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìgbà àtijọ́ ní Ìlọrin a máa gbẹ́ òkúta pupa tí a ń pè ní làǹtàná, wọn a sì máa fi ọwọ́ ha á lórí òkúta mìíràn tí a bu omi sí, kí ó tó di ìlẹ̀kẹ̀ tí ń dán. Ní Idar-Oberstein ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tí ń ṣe òkúta agate a máa dojú bolẹ̀ lórí ìjókòó igi, wọn a sì máa ti òkúta náà mọ́ ara òkúta ribiti ńlá tí omi odò ń yí. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹni tí ó ní iná mànàmáná lè gbé sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí yóò sì gba làálàá náà ṣe fún un. Ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n ni.

Àwo irin ni ẹ̀rọ náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì jókòó lórí rọ́bà tàbí irin wíwé. A so íńjìnnì kékeré mọ́ abẹ́ rẹ̀, a sì fi irin wúwo kan sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá tí ń yí. Gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí kò dọ́gba ti í máa fa alárù síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni irin yìí ń fa àwo náà, tí ó sì ń gbọ̀n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú kan. Òkúta tí a da ojú rẹ̀ bo inú àwo a máa rìn fúnra rẹ̀, a sì máa yí, ìyẹ̀fun líle tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì máa jẹ gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba.

Dandan ni kí ìyẹ̀fun náà le ju òkúta lọ. Ní ọdún 1812 ni Friedrich Mohs, ará Jámánì, to líle àwọn òkúta láti 1 dé 10. Òkúta mábù wà ní 3, agate sún mọ́ 7, dáyámọ́ńdì sì wà ní 10. Carborundum, tí Edward Acheson ará Amẹ́ríkà rí ní ọdún 1891, ju 9 lọ. Òun ni a ń lò. Agate ni ó dára jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ẹ́kísódù láàrin àwọn òkúta ìgbàyà Áárónì, nítorí pé líle rẹ̀ dọ́gba. Akọ òkúta kò rí bẹ́ẹ̀: ohun líle àti ohun rírọ̀ ni ó dàpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó rọ̀ a sì máa jẹ ṣáájú, a máa dá ihò sílẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ha etí òkúta kí ó má mú, nítorí èérún tí ó bá ṣẹ́ kúrò níbẹ̀ yóò họ ojú rẹ̀. Kí a fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í yíká. Bí ó bá fúyẹ́, kí a lẹ ohun wúwo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí àwo tẹ́ dọ́gba bí ìpìlẹ̀ ilé tí bíríkìlà wọ̀n. Kí a wá bu ìyẹ̀fun àti omi díẹ̀ sí i, kí ó ki bí ẹ̀kọ tí a pò fún ọmọ ọwọ́. Bí omi bá pọ̀ jù, ìyẹ̀fun yóò ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kéré jù, òkúta yóò lẹ̀ mọ́ àwo.

Ìyẹ̀fun 220 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ 400, lẹ́yìn rẹ̀ 600, lẹ́yìn rẹ̀ 1,000. Bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìyẹ̀fun ń kúnná sí i. Ìpele kan lè gba ọ̀sán àti òru kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìkẹyìn, a ó tẹ́ aṣọ onírun tí ó nípọn sínú àwo mìíràn, a ó sì fi cerium oxide tí a pò mọ́ omi sí i. Èyí ni yóò mú ìdán jáde.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ìpele kan ti parí? Kí a nu òkúta gbẹ, kí a fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí gbogbo ojú rẹ̀, kí a sì dá a padà sínú àwo fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí ìlà pẹ́ńsùlù bá kù sí, ibẹ̀ jìn ju ìyókù lọ, iṣẹ́ kò tíì dé ibẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá parẹ́, kí a gbé òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, bóyá ìlà àtijọ́ ṣì wà.

Àwa kò ní fi ìtìjú wa pamọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, ojú ń kán wa. Lẹ́yìn 400, a da omi sí àwo lẹ́ẹ̀kan, a sì fi àkísà àná nù ún. A kò fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kọ̀rọ̀ etí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí òkúta náà wá dán, a rí ìlà gígùn kan tí ó wọ́ la gbogbo ojú rẹ̀ já. Ẹyọ hóró ìyẹ̀fun kan ni ó ṣe é. A ní láti padà sí 400, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì ṣòfò. Láti ìgbà náà ni ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan ti ní àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ewu kan wà tí ó ju àdánù yìí lọ. Eruku òkúta a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa àrùn silicosis, èyí tí kò ní ìwòsàn. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ha òkúta ní gbígbẹ, a kò sì gbọdọ̀ gbá ẹrẹ̀ rẹ̀ tí ó ti gbẹ; àkísà tútù ni kí a fi nù ún. Kí a má ṣe da ẹrẹ̀ náà sí ojú gọ́tà, nítorí yóò dì níbẹ̀; kí ó silẹ̀ nínú garawa, kí a sì kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ dànù ní tútù. Kí ọwọ́ tí ó tutù má sì kan okùn iná mànàmáná.

Ẹ̀yin ará wa nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nìyí: ìdán kì í bo àpá; ṣe ni ó ń fi í hàn. Ìlà tí a kò rí nígbà tí òkúta ṣókùnkùn, ọjọ́ tí ó bá dán ni gbogbo ayé yóò rí i. Ọmọ tí a fò ní ìpele kan nínú ẹ̀kọ́ ìṣírò lè jókòó láìsí ariwo ní kíláàsì kékeré. Ní kíláàsì gíga ni àṣìṣe wa yóò hàn lára rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí a parí 220 kí a tó fọwọ́ kan 400, kí a sì fọ àwo wa mọ́.