Ẹ̀bi J.R. Smith Nìkan Kọ́

Nígbà tí Ivory Coast na Super Eagles ní 2–1 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní Abidjan lọ́dún 2024, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti rí ẹlẹ́bi. Àwọn kan ní José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́ngbá, ni. Àwọn mìíràn kọjú sí Alex Iwobi, wọ́n bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé òun nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní Peseiro rí ibi tí eré ti ń bàjẹ́, kí ló lè ṣe ju kó pariwo létí pápá, kó sì pààrọ̀ èèyàn? Kò láṣẹ láti dá eré dúró.

Nínú básíkẹ́tì, akọ́nimọ̀ọ́ngbá láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní líìgì NBA ti Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀meje ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní kí eré dúró, kí wọ́n kóra jọ sọ̀rọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú eré náà sì lè béèrè fún un.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, nínú àṣekágbá NBA ní Oakland, LeBron James gba pọ́ìntì 51 lápapọ̀ fún Cleveland. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 4.7 kí àkókò eré tó pé, Golden State ń léwájú pẹ̀lú 107–106, George Hill ti Cleveland sì ní ẹ̀bùn ìjùsáwọ̀n méjì. Ó ju ọ̀kan wọlé, ó di ọ̀mì. Ìkejì tàsé. J.R. Smith, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, he bọ́ọ̀lù nídìí àwọ̀n gan-an, ló bá gbé e sá lọ sí àárín pápá bí ẹni tó ti borí! LeBron ń nawọ́ sí àwọ̀n, ó ń pariwo. Àkókò tán.

Tyronn Lue, akọ́nimọ̀ọ́ngbá wọn, ní Smith rò pé àwọn ló ń léwájú. Smith ní òun mọ̀ pé ọ̀mì ni, òun rò pé wọn yóò dá eré dúró ni. Àǹfààní kan ṣoṣo láti dá eré dúró sì kù lọ́wọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni ò lò: Lue ò lò ó, Smith ò lò ó, LeBron pàápàá ò lò ó.

Lójú tèmi, Smith ló ni ìpín tó pọ̀ jù, torí ojú pátákó ayò kò fara sin. Lue ló tẹ̀ lé e: òun tí kò di bọ́ọ̀lù mú, tí kò sáré, kí ló ń wò? Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún àfikún, pọ́ìntì 7 péré ni Cleveland gbà, Golden State gba 17. Gbogbo wọn ló jẹ gbèsè ìyẹn.

Eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àṣekágbá náà ni Cleveland pàdánù lọ́dún yẹn. Nínú mẹ́ta tó kù, Smith ò gbé bọ́ọ̀lù sá kúrò nídìí àwọ̀n.